Aṣọ Kíjìpá Tí Mo Tì Bọ Inú Ọgbà Oró

Ní Oṣù Kejìlá tó kọjá, ọmọ mi obìnrin gbé fóònù rẹ̀ síwájú mi. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ wá wo àrà tuntun." Àwọn òyìnbó kan ni wọ́n ń di ẹ̀bùn Kérésìmesì nínú fóònù náà. Wọn kò lo bébà dídán rárá. Bébà pípọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bíi ti àpò sìmẹ́ǹtì ni wọ́n lò. Wọ́n gé pòtétò sí méjì, wọ́n gbẹ́ ìràwọ̀ sí i lójú, wọ́n tì í bọ inú ọ̀dà, wọ́n sì ń fi ṣe òǹtẹ̀ sára bébà náà. Obìnrin kan fi àlòkù aṣọ di tirẹ̀, ó ta á ní kókó lórí, ó fi ewé gbígbẹ há a láàárín. Ọmọ mi ní, "Ó rẹwà, àbí? Bẹ́ẹ̀ la ó ṣe tiwa lọ́dún yìí." Mo ní ó rẹwà. Mo dìde bí ẹni tó gbé nǹkan kaná, mo wọ kíṣìnì lọ, mo sì dúró síbẹ̀ tí mò ń wo sítóòfù tí n kò tàn. Ojú ló ń tì mí. Ó ti ń lọ sí ogójì ọdún tí ojú yìí ti ń tì mí, n kò sì tí ì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, títí kan ọkọ mi.

Hwolshe, ní ìlú Jos, ni à ń gbé lọ́dún tí mo fẹ́ sọ yìí, nínú ilé oníyàrá mẹ́ta kan tí páànù rẹ̀ máa ń dún kẹ́kẹ́ bí oòrùn bá bẹ̀rẹ̀ sí í mú un lẹ́yìn òtútù òru. N ó ti tó ọmọ ọdún mọ́kànlá. Olùkọ́ ni bàbá mi. Láti Èkìtì ni wọ́n ti gbé e wá sí Plateau kí wọ́n tó bí mi, Málàm sì ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ìyá mi ń ránṣọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ ni mo fi ń jí, lẹ́yìn rẹ̀ ni rédíò bàbá mi, lẹ́yìn rẹ̀ ni Màmá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí ó máa ń rọra wúkọ́ kí ó má baà dí ilé lọ́wọ́. Èmi ni mò ń bó pòtétò, èmi ni mò ń ṣa òkúta inú ẹ̀wà, èmi náà ni mò ń gbé ìkòkò èédú síwájú Màmá Àgbà bí ilẹ̀ bá mọ́, torí ọyẹ́ ìlú wa kì í ṣe ti ọmọdé. Omi inú korobá a máa ta ni lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́. Á na ọwọ́ méjèèjì sí iná, á ní òtútù ìlú yìí kò mọ àgbà. Oṣù mẹ́ta péré ni ó ní òun fẹ́ lò nígbà tí ó wá bá wọn tọ́jú àbúrò mi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí, ọdún keje rẹ̀ ni ó sì wà yìí. Ulé ni ó ń pe ilé, usu ni ó ń pe iṣu, Haúsá tí ó gbọ́ kò sì ju èyí tí ó fi lè ra iyọ̀. Àwa ọmọ tí a bí sí Jos, tí Haúsá yọ̀ mọ́ lẹ́nu ju Yorùbá lọ, a máa ń sín in jẹ, òun náà á sì máa bá wa rẹ́rìn-ín.

Bí Kérésìmesì bá ku ọ̀sẹ̀ kan, iṣẹ́ ẹ̀bùn dídì á bẹ̀rẹ̀. Bàbá mi á lọ tọrọ àpò sìmẹ́ǹtì lọ́wọ́ àwọn bíríkìlà. A ó gbọn ọ́n lẹ́yìn ilé títí imú wa yóò fi funfun, a ó yọ bébà inú rẹ̀ tí kò fara kan sìmẹ́ǹtì, a ó fi àkísà tútù nù ún, ìyá mi á sì fi áyọ́ọ̀nù eléèédú lọ̀ ọ́ títí yóò fi jọ̀lọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó kan pòtétò. Ìyá mi á gé e sí méjì, á gbẹ́ ìràwọ̀ sójú ọ̀kan, á gbẹ́ ẹyẹ sójú èkejì. Búlúù tí a fi ń fọ aṣọ funfun ni aró wa, zobo tí a sè títí tí ó ki ni pupa wa. Èmi ni mò ń tẹ òǹtẹ̀, ọwọ́ mi á sì wà ní pupa títí di ọdún tuntun. Koríko gbígbẹ tí a já lẹ́bàá ọ̀nà ni okùn wa. A ó dì í bí ẹni ń di irun. Èérún ankara tí ó bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ ni ìyá mi fi ń ṣe òdòdó lé orí rẹ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò tó nǹkan, ọṣẹ kan, ife kan, ìwé ìkọ̀wé méjì. Ṣùgbọ́n títí di ọdún yẹn, mo gbà pé kò sí ilé tí ẹ̀bùn rẹ̀ dára tó tiwa. Mo máa ń tò wọ́n sórí àga, n ó sì jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.

Ẹ̀bùn kan wà tí a kì í fi bébà dì. Ti Ngo Kaneng ni. Ngo ni àwọn Berom, ẹ̀yà kan ní Plateau, fi ń pe àgbà obìnrin, bí àwa ti ń pe Màmá. Ó ń gbé ní Gyel, ó ń gbin pòtétò àti acha, ọkà kan tí kóró rẹ̀ kéré bí iyanrìn, ó sì máa ń rù wọ́n wá tà ní àdúgbò wa. Ní ọyẹ́ àkọ́kọ́ tí Màmá Àgbà rí ní Jos, Ngo bá a níbi tí ó ti ń gbọ̀n ní ẹnu ọ̀nà. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó wọ kíṣìnì ìyá mi láì gba àyè, ó kó ẹ̀yinná sínú ìkòkò fífọ́, ó sì gbé e sábẹ́ àga rẹ̀. Ní Kérésìmesì ọdún náà, Màmá Àgbà gé igun kan lára kíjìpá tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ hun kí wọ́n tó gbé e níyàwó, ó di ọṣẹ dúdú àti ẹja gbígbẹ sínú rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí i. Kí ọdún tuntun tó wọlé, Ngo dá aṣọ náà padà. Acha kún inú rẹ̀, ó sì ti gán bọ́tìnì pupa kan mọ́ igun rẹ̀. Abọ́ tó gbé oúnjẹ lọ kì í padà lófìfo. Àwọn méjèèjì ti mọ ìyẹn látilé, kò sí ẹni tó kọ́ èkejì. Lọ́dún kejì, Màmá Àgbà fi òwú aláwọ̀ ewé ṣe ọnà sí i, Ngo fi ìyẹ́ ẹyẹ ẹtù sí i. Bí aṣọ náà ṣe ń lọ tí ó ń bọ̀ lọ́dọọdún nìyẹn. Nígbà tí mo fi ń wí yìí, ó ti wúwo fún bọ́tìnì àti ìlẹ̀kẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ ti ṣá, etí rẹ̀ sì ti ń já. Bí ìyá mi bá ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, Màmá Àgbà á ní, "Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà." Èmi ni mo wá ń gbé e lọ sí Gyel, torí ẹsẹ̀ ti ń dùn ún.

Kachollom, ọmọ ọmọ Ngo, wà ní kíláàsì kan náà pẹ̀lú mi. Lọ́jọ́ tí a fẹ́ gba ọlidé, tíṣà ní kí kálukú mú ẹ̀bùn wá fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kachollom ni mo mú tèmi fún, nínú bébà sìmẹ́ǹtì tí mo tẹ ìràwọ̀ mẹ́rìnlá sí. Mo rántí iye wọn torí mo kà wọ́n. Òun náà mú tirẹ̀ fún mi, nínú bébà pupa dídán tó ní ìràwọ̀ fàdákà. Ọmọkùnrin kan lẹ́yìn wá ní, "Mojí ra sìmẹ́ǹtì, ó fẹ́ kọ́lé fún Kachollom." Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà pàápàá fọwọ́ bo ẹnu. Kachollom nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ẹ̀bùn mi sínú àpò rẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ní, "Na gode." O ṣeun. Èyí tí kò rẹ́rìn-ín yẹn dùn mí ju ẹ̀rín àwọn tó kù lọ, torí mo rò pé àánú ni mo ṣe é. Nígbà tí mo délé, mo rọra tú bébà pupa náà kí ó má baà ya, mo nà án tẹ́ sábẹ́ ẹní mi. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ojú àlejò wo ilé wa. Mo rí páànù tó ti dípẹtà. Mo rí ọwọ́ ìyá mi tí búlúù ti wọ̀ léèékánná, mo sì ń bẹ̀bẹ̀ lọ́kàn mi pé kí ó má wá sí ilé ìwé wa.

Nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la, Màmá Àgbà pè mí. Ó ti di ẹ̀bùn Ngo, ó ti ta kókó mẹ́rin sí i lórí, ó sì ti gán bọ́tìnì funfun kan láti ara àlòkù ẹ̀wù bàbá mi mọ́ ọn. Ó ní, "Di í mú dáadáa. Ọwọ́ Ngo ni kó o fi sí. Kó o bá mi wo ojú rẹ̀ bóyá ara rẹ̀ le, kó o tó máa bọ̀ nulé." Mo ní, "Ẹ̀n, Mà." Bébà pupa ti wà nínú ẹ̀wù mi kí ó tó pè mí. Mo wọ mọ́tò lójú títì Búkúrù, mo sọ̀ ní ọ̀nà Gyel, mo sì gba àárín oko. Oró, igi ẹlẹ́gùn-ún tí wàrà rẹ̀ máa ń jó ni lára, ni wọ́n fi ń ṣe ọgbà yí oko ká níbẹ̀, ó ga jù mí lọ lọ́tùn-ún lósì. Bí mo ti ń súnmọ́ ilé wọn ni ẹsẹ̀ mi ń wúwo. Kachollom ti rí aṣọ náà rí, ọdọọdún ló ń rí i. Ṣùgbọ́n kò tí ì rí i láti ọjọ́ tí wọ́n ti fi mí rẹ́rìn-ín. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo tú kókó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo sì fi bébà pupa di ọṣẹ àti ẹja náà. Bébà kò tó, orí ẹja yọ síta. Mo ká aṣọ náà, mo tì í bọ àárín igi oró méjì, mo gbé òkúta kan sí ìdí rẹ̀ láti fi ṣàmì. Mo ní bí mo bá ń bọ̀, n ó mú un. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mo sọ bẹ́ẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tún nǹkan kan ṣe.

Ngo ń fẹ́ acha ní ojúde ilé wọn. Ó rí mi, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Sannu da zuwa, 'yar Malam." Káàbọ̀, ọmọ Málàm. Mo kúnlẹ̀, mo fi ẹ̀bùn náà lé e lọ́wọ́. Ó wò ó. Ó yí i padà, bí ẹni ń wá ojú rẹ̀. Kachollom sáré wá láti ẹ̀yìn odó, ó fi Haúsá pe ìyá rẹ̀ àgbà, ó ní, "Kaka, bébà tí ẹ rà fún mi lọ́jà nìyí." Ìgbà náà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Nǹkan wọn ni mo dá padà fún wọn. Ní ilé wa, ẹni tó bá dá ẹ̀bùn ẹni padà ti sọ pé òun kò bá ni ṣe mọ́, n kò sì rò pé ó yàtọ̀ ní ilé Ngo. Ngo bi mí pé, "Ina zanen?" Aṣọ dà. Ọgbà oró náà kò jìnnà. Mo lè ní kí wọ́n dúró dè mí, kí n sáré lọ mú un wá. Ṣùgbọ́n Kachollom ń wò mí. Mo ní, "Màmá Àgbà ní ó ti gbó. Ó ní bébà dára jù ú lọ." Haúsá ni mo fi sọ ọ́, ó sì yọ̀ lẹ́nu mi, kò sí ibi tí mo ti kọsẹ̀. Ngo ní, "To." Ó dáa. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra bébà náà kó má ṣe ká, ó ní kí n bá òun kí Maman Malam, ìyá Málàm. Ọdọọdún ló máa ń fún mi ní pòtétò sísun kí n tó lọ. Ó tún fún mi lọ́jọ́ náà, mo sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà tí mo padà dé ìdí oró, òkúta mi wà níbẹ̀, aṣọ kò sí níbẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ eruku káàkiri. Ewúrẹ́ mẹ́ta ń jẹko lọ́ọ̀ọ́kán. Mo wá a títí oòrùn fi yí, mo ti ọwọ́ bọ inú ọgbà títí wàrà oró fi ta sí mi lápá, tí apá mi méjèèjì wú. Màmá Àgbà wà ní ẹnu ọ̀nà nígbà tí mo délé. Ó ní, "Kí ni Ngo wí?" Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun. Ó ti gbé aṣọ náà wọ yàrá." Ó wá rí apá mi. Mo ní mo ṣubú lu oró lọ́nà. Ó mú epo pupa, ó jókòó, ó gbé apá mi lé itan rẹ̀, ó sì ń fi epo ra á díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Nítorí iṣẹ́ tí mo rán ọ lo fi ń jìyà." Ó pẹ́ tí ó ti kú, mo sì ṣì ń gbọ́ "pẹ̀lẹ́" yẹn.

Láti ọjọ́ kejì Kérésìmesì ni ó ti gbé àga rẹ̀ sí ẹnu géètì. Bí ó bá gbọ́ ohùn ẹni tó ń polówó ẹ̀fọ́, á na ọrùn. Ọdún tuntun wọlé, aṣọ kò dé. Ó ní kí wọ́n gbé òun lọ sí Gyel, bóyá ara Ngo kò yá. Bàbá mi ní kí ọyẹ́ rọlẹ̀ ná. Ọkàn mi balẹ̀ nígbà tí ó sọ bẹ́ẹ̀, ẹ wo irú ọmọ tí mo jẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, Ngo fúnra rẹ̀ ń kọjá lọ lójú títì, ó ru agbọ̀n pòtétò. Kò yà. Ó kí láti ọ̀hún pé, "Sannu, Maman Malam." Màmá Àgbà dìde, ó di apá àga mú. Ó ní, "Sannu, Ngo." Wọ́n dúró díẹ̀, èyí ń retí kí tọ̀hún mẹ́nu ba aṣọ. Èmi wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mo gbé abọ́ ẹ̀wà dání, mo mọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí àwọn méjèèjì ń wá. N kò sọ ọ́. Ngo gba ọ̀nà rẹ̀ lọ. Ìyá mi ní, "Ẹ̀yin náà ẹ béèrè aṣọ yín, Mà." Màmá Àgbà ní, "A kì í fi ẹnu béèrè irú ìyẹn. Bí mo bá ti sú u, mo ti sú u náà nù un." Ó wọlé, ó dùbúlẹ̀ ní ọ̀sán gangan.

Kí òjò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún náà ni ó ní òun ń lọ sílé. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ títí. Ó ní kò sí ẹni tí òun ń bá sọ̀rọ̀ mọ́ ní ìlú yìí, àti pé bí Kérésìmesì bá dé, òun lè padà wá wò wá. Ní gáréèjì, kí ó tó wọ mọ́tò, ó fà mí mọ́ra. Ó ní, "Bó o bá rí Ngo, bá mi kí i. Sọ fún un pé n kò bínú. Kó máa lo aṣọ náà." Mo ní, "Ẹ̀n, Mà." N kò jẹ́ iṣẹ́ náà. Bí mo bá rí Ngo lókèèrè, mo máa ń yà sí ilé onílé, Kachollom náà kò sì bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ ní kíláàsì títí mo fi lọ sí ilé ìwé mìíràn. Oṣù Kẹwàá ni lẹ́tà dé pé Màmá Àgbà ti sùn. Mo sunkún ju gbogbo ilé lọ. Àwọn aládùúgbò ní, "Ẹ wo bí ọmọ yìí ṣe fẹ́ràn ìyá rẹ̀ àgbà tó." Wọ́n sọ pé bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Tèmi lọ jù bẹ́ẹ̀, n kò sì kúrò ní Jos.

Ní ọjọ́ kejì tí ọmọ mi fi fóònù hàn mí, mo wọ mọ́tò lọ sí Gyel. N kò sọ ibi tí mò ń lọ fún un. Búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti fi mọ ọgbà púpọ̀ níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n oró ṣì wà ní ìhà oko Ngo. Kachollom ni mo bá nílé, irun rẹ̀ ti funfun. Ó wò mí pẹ́, ó ní, "Mojí? Mojí ti Málàm?" Ó ní Ngo ti kú tipẹ́. Mo mọ̀, mo ti gbọ́ nígbà tó kú, n kò sì lọ síbi òkú náà. Kí n tó sọ ohun tí mo bá wá, ó ti wọ yàrá, ó sì gbé ìdì kan jáde. Kókó mẹ́rin wà lórí rẹ̀. Ó ní nígbà tí òjò àkọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún náà, tí wọ́n ń gé ọgbà, ni wọ́n rí i ní ìsàlẹ̀ oró, eruku ti bò ó. Ngo fọ̀ ọ́. Ó fẹ́ gbé e lọ sí Hwolshe, ó gbọ́ pé Màmá Àgbà ti lọ sí Èkìtì, pé ó di Kérésìmesì kí ó tó padà wá. Ó ní ọwọ́ Màmá Àgbà gan-an ni òun ó fi lé. Nígbà tó gbọ́ pé ó kú, ó ní ẹnìkan láti ilé náà yóò wá lọ́jọ́ kan. Kachollom ní, "Ó ní kí n máa pààrọ̀ acha inú rẹ̀ lọ́dọọdún, kó má baà padà lófìfo. Èyí tí a kórè lọ́dún yìí ló wà níbẹ̀." Mo gbà á. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì funfun ẹ̀wù bàbá mi, Ngo ti gán bọ́tìnì pupa kan mọ́ ọn.

Kachollom jókòó tì mí. Ó fọwọ́ gbá mi léjìká bí ẹni ń tu ọmọdé nínú. Ó ní, "Kaka sọ fún wa nígbà náà. Ó ní afẹ́fẹ́ ló gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, pé ìbẹ̀rù kí wọ́n má nà ọ́ ló jẹ́ kó o purọ́ pé ó ti gbó. Ó ní ọmọdé ni ọ́, kí n má bínú sí ọ, ṣùgbọ́n ọmọdé ni èmi náà." Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ngo ti la ọ̀nà sílẹ̀ fún mi kí ó tó kú, ọ̀nà náà tẹ́jú, n kò ní ṣe ju kí n mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni lọ. Mo gbé ìdì náà lé itan mi. Ọwọ́ mi wà lórí bọ́tìnì méjèèjì.

Mo ní, "Kachollom, afẹ́fẹ́ kọ́."